Oògùn Oṣooṣù: Ìtàn Àtọ̀gbẹ, Owó àti Waqf Láàrin Àwa Mùsùlùmí

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

 Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a óò sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn tó kan ilé olúkúlùkù wa ni. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dun èmi fúnra mi.

Bàbá àlùfáà kan wà ní ìlú Ìwó níbí tó kọ́ mi ní kéwú láti orí wàláà. Nígbà tí mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí èmi náà di olùkọ́ èdè Lárúbáwá, mo máa ń yà kí wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi bíléèdì gé oògùn wọn sí méjì. Àtọ̀gbẹ ló ń bá wọn jà. Mo ní, “Bàbá, ṣé bí dókítà ṣe ní kí ẹ máa lò ó nìyẹn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, dókítà ní kí n máa lo odidi. Àpò mi ló ní kí n máa lo ìlàjì.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi owó díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún mi, mo bá tèmi lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, egbò yọ sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n tẹ àsàsí. Wọ́n gbé wọn kiri ọ̀dọ̀ oníṣègùn títí ẹsẹ̀ náà fi dúdú. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Orúnkún ni wọ́n ti gé e. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e, a gbé àpótí káàkiri mọ́sálásí. Àwọn ọmọ kéwú wọn fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti láti òkè òkun. Èmi ni wọ́n ní kí n ka owó náà. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ó ju owó oògùn wọn fún ọdún mẹ́ta lọ.

Ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò níbẹ̀: kí ló dé tí a fi rí owó ẹsẹ̀ gígé, tí a kò rí owó oògùn? Mo wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sínú ìtàn, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Orúkọ àìsàn náà

Ẹ gbọ́ orúkọ tí Yorùbá fún un: àtọ̀gbẹ. Ẹni tó ń tọ̀, tó ń tọ̀, títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Wọ́n rí i pé òùngbẹ kì í tán lọ́rùn ẹni náà, pé ó ń jẹun tí ara rẹ̀ sì ń joro, pé èèrà ń bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ohun kan náà ni àwọn ẹlòmíràn rí níbi tó jìnnà sí wa. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ pè é ní ìtọ̀ oyin. Aretaeus, oníṣègùn kan tó ń kọ èdè Gíríìkì ní ohun tó lé ní 1,800 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ńṣe ni ẹran ara aláìsàn náà ń yọ́ bá ìtọ̀ lọ. Nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn dé ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ibn Sina, tó kú ní ọdún 1037 (428 lẹ́yìn Híjírà), kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀, al-Qanun fi al-Tibb. Ó ṣàlàyé pé ìtọ̀ náà ní adùn, ó sì mẹ́nu kan bí ẹran ara ẹni tó ní in ṣe lè máa kú. Ẹsẹ̀ dúdú tí a ń pè ní àsàsí ní Ìwó lónìí, àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí ti mọ ibi tó ti ń wá láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abd al-Latif al-Baghdadi, tí wọ́n bí sí Bàgídáàdì ní 1162, tó sì kú síbẹ̀ ní 1231. Òun kọ odidi ìwé kékeré kan lórí àtọ̀gbẹ nìkan. Ọkùnrin yìí kan náà ló wà ní Íjíbítì nígbà ìyàn ńlá tó mú níbẹ̀ láti 1200 sí 1202, tó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nípa ebi sílẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara, tó sì mọ ohun tí àìní ń ṣe sí ènìyàn: irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ ìwé lórí àtọ̀gbẹ, nítorí àìsàn yìí àti àìní, ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Àwọn tó mọ̀ pé àánú kò gbọdọ̀ dá

Mímọ àìsàn kò tó. Ta ni yóò sanwó? Ní àsìkò yẹn, àwọn Mùsùlùmí ní ìdáhùn kan tí a ń pè ní waqf. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ní ilẹ̀ kan ní Khaybar. Kò tíì ní dúkìá tó níye lórí lójú rẹ̀ tó ilẹ̀ náà rí. Ó wá bá Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó béèrè ohun tí òun lè fi í ṣe. Ànábì gbà á nímọ̀ràn pé kó di ilẹ̀ náà mú, kó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Bẹ́ẹ̀ ni Umar ṣe: a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, a kò gbọdọ̀ fi tọrẹ, a kò sì gbọdọ̀ pín in ní ogún. Èso rẹ̀ wà fún àwọn tálákà, àwọn ẹbí, àwọn arìnrìn-àjò àti àlejò. Bukhari àti Muslim ló gba hádíìsì náà wá.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí Umar bá ta ilẹ̀ náà tó sì pín owó rẹ̀, tálákà ọdún náà ni yóò jẹ níbẹ̀. Tálákà ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Waqf ni sàráà tó mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní bímárístán. Nur al-Din Zangi kọ́ èyí tó lókìkí ní Damásíkù ní ọdún 1154. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Qalawun dùbúlẹ̀ àìsàn ní Damásíkù. Al-Maqrizi òpìtàn sọ pé oògùn láti bímárístán Nur al-Din ni wọ́n fi wò ó sàn, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́hun bá fi òun jọba, òun yóò kọ́ irú rẹ̀. Ó jọba lóòótọ́, ó sì mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ ní Káírò ní ọdún 1284 (683 lẹ́yìn Híjírà). Ó fi ọ̀pọ̀ dúkìá ṣe waqf fún ilé ìwòsàn náà, èyí tí owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan dírhámù lọ́dọọdún.

Ta ni wọ́n kọ́ ọ fún? Ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà, ọmọ bíbí àti ẹrú. Wọn kì í dá gbèdéke iye ọjọ́ tí aláìsàn lè lò níbẹ̀. Àwọn òpìtàn sì sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ bá yá máa ń gba owó díẹ̀ lọ sílé, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tó kúrò lórí ibùsùn ni yóò sáré padà sí iṣẹ́ agbára. Títí di àkókò tiwa yìí, ilé ìwòsàn ojú kan ṣì wà lórí ilẹ̀ náà ní Káírò.

Èyí ni kí a dì mú nínú ìtàn yìí: àwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ̀ pé aláìsàn nílò oògùn lónìí, ó nílò rẹ̀ lọ́la, ó sì tún nílò oúnjẹ nígbà tí kò lè ṣiṣẹ́. Wọn kò dúró de ọjọ́ tí yóò wó lulẹ̀ kí wọ́n tó gbé àpótí.

Dọ́là kan

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí oògùn rẹ̀. Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, tó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, ara kì í ṣe omi insulin mọ́, ìyẹn omi tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nínú èkejì, tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, ara ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í tó, tàbí kí ara má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá ní ti àkọ́kọ́, ikú ni wọ́n ń retí.

Ní 1889, àwọn onímọ̀ méjì, Minkowski àti von Mering, rí i lára ajá pé bí a bá yọ ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, àtọ̀gbẹ ni yóò tẹ̀lé e. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best ní ìlú Toronto, ní Kánádà, rí omi náà fà jáde láti ara ẹranko, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Macleod àti Collip. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ náà. Ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gún un, ọmọ tó ń kú lọ sì padà bọ̀ sípò.

Wọ́n lè fi ìmọ̀ náà di olówó rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n Banting, Best àti Collip gbé ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yìí fi ara jọ ohun tí Umar ṣe sí ilẹ̀ Khaybar.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà? Ẹ̀tọ́ náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí yóò máa sanwó oògùn náà títí láé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe é, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, owó rẹ̀ gun òkè débi pé òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2022 ló wá sọ pé àwọn tó wà lábẹ́ ètò ìlera Medicare kò gbọdọ̀ san ju dọ́là 35 lọ lóṣù fún oríṣi insulin kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá le báyìí ní ilé olówó, báwo ni yóò ṣe rí ní ilé tiwa?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Ìwó

Àwọn àgbà wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò rántí pé láti 1979 títí di oṣù kẹwàá 1983, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà rẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ṣèlérí. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, iye náírà já wálẹ̀, owó oògùn tó ń wá láti òkè òkun sì gòkè. Ní 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí aláìsàn máa sanwó oògùn, kí wọ́n fi owó náà ra òmíràn. Ó lérè tirẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn tó ṣófo tún padà ní oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ibà mú, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sanwó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ yóò san án títí ayé rẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ń pe àtọ̀gbẹ ní àìsàn olówó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkugbe ti Ìbàdàn ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wo ọ̀rọ̀ náà káàkiri Nàìjíríà. Àbọ̀ wọn, tó jáde ní 1997, sọ pé ènìyàn bíi 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in, ṣùgbọ́n ní Lagos Mainland ó tó 7.2. Ìwádìí mìíràn tí àwọn dókítà wa tẹ̀ jáde ní 2018, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, fi iye ti gbogbo orílẹ̀-èdè sí bíi 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àìsàn olówó ti wọlé tọ tálákà, ó sì bá a láìní owó olówó lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 ti kọjá 1,400 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Láàrin ìgbà náà, ilé iṣẹ́ Sanofi, tó wà lára àwọn tó ń ta insulin, kéde pé òun kò ní máa ta oògùn fúnra òun mọ́ ní Nàìjíríà, pé alágbàtà ni yóò máa bá òun tà á. Bàbá tó ń fi bíléèdì gé oògùn kò gbọ́ gbogbo ìròyìn yìí. Ohun tó mọ̀ ni pé káàdì oògùn tó rà lóṣù tó kọjá, kò lè rà á mọ́ lóṣù yìí.

Nínú gbogbo owó tí a ń ná sí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ohun tó lé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀.

Ohun tí owó ń ṣe sí ara

Ẹ má rò pé oògùn nìkan ni ìnáwó náà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú bébà kéékèèké rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láti rí dókítà wà níbẹ̀, àti ọjọ́ ọjà tí ó bá ìrìn-àjò náà lọ. Oúnjẹ tún ńkọ́? Wọ́n ní kó dín ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì kù, kó jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà ló ń yó ilé ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ta ni yóò máa se ìkòkò méjì? Ìyá tó ní àtọ̀gbẹ yóò kọ́kọ́ bu tàwọn ọmọ, yóò sì jẹ èyí tó kù.

Bí owó bá ṣe ń wọ́n ni ìtọ́jú ń já. Bí ìtọ́jú bá ṣe ń já ni ojú ń ṣú, tí ẹsẹ̀ ń kú, tí kíndìnrín ń bàjẹ́. Bí ojú bá ṣú, télọ̀ kò lè fi okùn sí abẹ́rẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, àgbẹ̀ kò dé oko mọ́. Iṣẹ́ lọ, owó lọ, oògùn náà tún já sí i. Àìní bí àìsàn, àìsàn padà bí àìní. Ọmọ tó yẹ kó wà ní iléèwé yóò wá máa ti bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ìyà kan tún wà tí a kì í sọ. Mo mọ bàbá kan tí kò wá sí mọ́sálásí mọ́. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dín kù. Ìtọ̀ ni kì í jẹ́ kó lè jókòó gbọ́ kútúbà tán, ojú sì ń tì í láti máa la àárín sáàfù jáde. Ẹlòmíràn, òórùn egbò rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún irú wọn, kí ẹ má sì wò wọ́n ní ìwò tí yóò lé wọn.

Ẹni tí kò ní owó oògùn ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó àgbo awòtán máa ń wọ̀ létí. Àwọn kan nínú wa tún ń mu oyin lọ́pọ̀, wọ́n ní Àlùkùránì sọ pé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Òdodo ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Ànábì tó kọ́ wa ní oyin náà ló pàṣẹ pé kí á wá ìtọ́jú, tó sì sọ pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Oyin ní ṣúgà nínú. Kí aláàtọ̀gbẹ tó lò ó, tàbí kó tó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Kí ni kí á ṣe ní Ìwó?

Ìlú kéwú ni Ìwó. Ọba Muhammad Lámúyè, tó jọba láti 1858 títí di 1906, ni Olúwòó àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ilé kéwú sì ti pọ̀ nílùú yìí kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sí àdúgbò tí kò ní mọ́sálásí. Ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó kọ́ mọ́sálásí kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó. Ohun tó kù ni kí a mọ bí owó náà ṣe lè máa bímọ.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí mọ́sálásí ní waqf ìlera. Kò dìgbà tí a bá di Qalawun. Ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Odò-Orí, tí owó ilé rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju oògùn lọ. Oko ọ̀pẹ kan. Yàrá méjì tí a kọ́ mọ́ ẹ̀yìn mọ́sálásí, tí a fi háyà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ pín in ní ogún, kí a sì fi í sọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú tí yóò máa jíyìn lọ́dọọdún. Kí owó náà máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ apòògùn, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹni tó fi irú dúkìá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ wà nínú àwọn tí Ànábì sọ pé ikú kò dá iṣẹ́ wọn dúró, nítorí sàráà tó ń ṣàn ni.

Ìkejì, ẹni tí kò lè ra oògùn tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró wà lára àwọn aláìní tí sàká tọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká, ẹ rántí wọn kí ẹsẹ̀ tó dúdú.

Ìkẹta, ẹ má fi ohun tí ìjọba ṣe sílẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera tuntun ti wà láti 2022, tó sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà, tó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin lẹ mọ foonù lò. Ẹ lọ béèrè ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí kì í san, kí ẹ sì forúkọ bàbá àti ìyá yín sílẹ̀.

Ìkẹrin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí nọ́ọ̀sì tó wà nínú wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, kó máa wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, kó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ti ní in. Ẹsẹ̀ tí a tètè wò kì í sábà di ẹsẹ̀ tí a gé.

Bàbá mi àlùfáà ti padà sọ́dọ̀ Olúwa wọn. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, àwa mẹ́fà nínú àwọn ọmọ kéwú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lóṣooṣù. Àgbàlagbà méjì ló ń gba oògùn wọn pé pérépéré láti inú rẹ̀ báyìí. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì wa ti kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ kéré. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: ọwọ́ wa mẹ́fà ló gbé e dúró. Bí a bá kú, tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń wá ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ìdí tí mo sì fi kọ̀wé yìí sí yín nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ lọ bi bàbá yín, ìyá yín, tàbí àlùfáà tó kọ́ yín ní kéwú léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ṣé oògùn yín pé?” Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe bá wọn rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa lọ bí èmi ti ṣe. Ẹ ní kí wọ́n gbé oògùn náà wá, kí ẹ kà á.

Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Kí Ó forí jin àwọn tó ti lọ. Kí Ó jẹ́ kí ọwọ́ wa lè fúnni, kó má sì sú wa. Àmín, yáà Ọlọ́hun.